Ẹyin Kọ́ Ló Ń Sọ Ọmọ Di Olè

"Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́." Nílé wa, ìgbà tí ọmọ bá nawọ́ sí ẹran inú àwo bàbá rẹ̀ la máa ń gbọ́ òwe yìí. Wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹyin, olè ni yóò dà. Èmi náà gbà á gbọ́ títí mo fi bí tèmi.

Lójú tèmi báyìí, ebi gan-an ni ìrókò tó yẹ ká tètè bẹ́. Láti inú oyún títí ọmọ fi pé ọdún méjì ni ọpọlọ ń yára dàgbà jù. Ẹni tí oúnjẹ gidi kò kàn lásìkò yẹn, bá a pa odidi màlúù fún un lọ́dún keje, díẹ̀ la máa rí gbà padà. Ìwádìí ọdún 2018 ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan tó; ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lágbo. Ẹ̀yìn ìyẹn la ti ń ṣì í ṣe: ògì láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì lálẹ́. Ògì lásán a máa kún ikùn, àmọ́ kò lè gbé ọmọ ró. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn, tàbí edé, kí ẹ sì gún ẹ̀wà tó jinná dáadáa fún un.

Aládùúgbò mi kan wà tí gbogbo wa ń kí kú oríire pé ọmọ rẹ̀ sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ẹsẹ̀ kún. Níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì padà bọ̀rọ̀. Omi ló wà lára ọmọ. Àṣé àbúrò ti dé, wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ògì ló kù. Àwọn Gã ní Gánà ló ni orúkọ àìsàn náà, kwashiorkor: àìsàn tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n tí àbúrò bá dé.

Mo mọ̀ pé owó ò sí, ẹyin ò sì ní já bọ́ láti òkè. Ṣùgbọ́n ilé tí bàbá ti ń jẹ ẹran mẹ́ta, tí ọmọ ń lá ọbẹ̀, ṣé owó náà ni?

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ìyá mi fọwọ́ ara wọn bó ẹyin fún ọmọ mi. Wọ́n wò mí lójú: "Bó bá jalè, ìwọ ni wọn yóò wá bá o." Ọmọ ti nawọ́ gba ìdajì kejì.