Ẹ Ṣí Géètì Ilé Ìwé Fún Àwọn Ọmọ Lọ́dún Kérésì

Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé Kérésìmesì ní Òṣogbo, àwọn ọmọ nìkan ló ń sinmi. Ìyá tó ń ta bàtà ọmọdé ní Ìgbọ̀nà kì í tètè délé mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, torí owó tí yóò fi gbéra nínú oṣù Kìn-ín-ní ló ń wá. Télọ̀ kò mọ̀ru yàtọ̀ sọ́sàn-án. Àǹkárá ẹbí mẹ́ta mẹ́rin wà níwájú rẹ̀, kálukú ló sì ní òun gbọ́dọ̀ gba tòun kó tó di ọjọ́ 25. Onídìrí ńkọ́? Onímọ́tò ńkọ́? Àsìkò táwọn ọmọ ń sinmi gan-an niṣẹ́ ń pa àwọn òbí wọn. Ẹni tó bá ní àwọn òbí ìwòyí kò ráyè tọmọ, kó kọ́kọ́ yà sọ́ọ̀bù télọ̀ láago kan òru.

Níbo wá làwọn ọmọ wà? Àwọn kan jókòó ti fóònù títí dátà fi tán. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, láàárín ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Àwọn kan ń yin bánga, èyí tí ọlọ́pàá ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń tà lọ́dọọdún. Àwọn tó kù, wọ́n ti rán wọn lọ sí lẹ́sìn, ìyẹn kíláàsì àfikún tí òbí ń sanwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́sìn yìí, ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. Kì í ṣe torí ìmọ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń sanwó rẹ̀. Ẹni tí yóò bá wọn mójú tó ọmọ títí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá, a ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti oṣù Kẹsàn-án, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèdánwò tán, tí wọ́n tún ní kó padà wá máa ka ìwé tó ti kà, kí la fẹ́ kó pe ìyẹn? Ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ni gbogbo ọlidé náà. Ọmọ nílò rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé ohun tó yẹ kó gbapò lẹ́sìn ti wà nílẹ̀, géètì ni wọ́n tì mọ́ ọn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba pọ̀ nílùú yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní pápá tó gba bọ́ọ̀lù àti eré sísá. Bí ọlidé bá dé, wọ́n á fi ṣéènì de géètì. Ewúrẹ́ tó mọ ibi tí ògiri ti lu nìkan ni yóò máa jayé orí rẹ̀ nínú pápá, nígbà tí ọmọ ènìyàn ń sá fún mọ́tò lóde. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti ti Ọlọ́rundá, ṣí àwọn pápá wọ̀nyí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, títí ilé ìwé yóò fi wọlé padà. Ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ ọdún tuntun nìkan ni kí wọ́n yọ sílẹ̀.

A mọ èsì tí wọn yóò fọ̀: wọ́n á jí àga, wọ́n á fọ́ fèrèsé. Irọ́ kọ́. Àga ilé ìwé ti rìn wọlé onílé rí. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni kí wọ́n tì pa, ẹnikẹ́ni kò lè gbé pápá sá lọ. Gáàdì tó ń ṣọ́ ilé ìwé, kí wọ́n fún un lówó díẹ̀ kún owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tó lè dáwó ra tiransifọ́mà, tó sì ń gba ọdẹ tó ń ṣọ́ wọn lóru, kò lè sọ pé òun kò rí àgbàlagbà méjì tí yóò jókòó sábẹ́ igi lójoojúmọ́ láti wo ọmọ.

Pápá nìkan kò sì tó, ní pàtàkì ní Òṣogbo. Ọdún 1962 ni Dúró Ládipọ̀, eléré orí ìtàgé nnì, dá Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré ìtàgé, sílẹ̀ nílùú yìí. Láàárín ọdún yẹn sí 1964, Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, pe àwọn èèyàn jọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yíya àwòrán ọlọ́jọ́ díẹ̀, àwọn ayàwòrán Denis Williams àti Georgina Beier ló kọ́ wọn. Àwọn tó wá kò ṣíwèé yíya àwòrán rí. Rufus Ogundele ń ṣeré orí ìtàgé nínú ẹgbẹ́ Ládipọ̀, Jimoh Buraimoh ló ń bá wọn tan iná ìtàgé, oníjó ni Twins Seven-Seven. Àwòrán wọn dé Yúróòpù, ó dé Amẹ́ríkà. Ọjọ́ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ tó ọlidé Kérésì kan. Ayàwòrán, agbẹ́gilére àti aláró ṣì wà káàkiri ìlú yìí lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rówó ọdún ná. Kí ìjọba háyà wọn fún àárọ̀ méjì lọ́sẹ̀ ní pápá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fún ní aṣọ funfun pélébé kan. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ó fi aṣọ wé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fi ìko dì í pinpin, ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀ bó ṣe ń fà á. Wọ́n rì í sínú aró. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì di aró lójú rẹ̀. Ó tú ìko, ó rí òṣùpá funfun tó tò sára aṣọ. Ẹ bi í ní fóònù nígbà náà.

Igbó Ọ̀ṣun náà wà níbẹ̀, tó ti wà lára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005. Àjèjì ń wọ bàálù wá wò ó, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lè má tíì rí ère tí Àdùnní Olóríṣà, ìyẹn Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ síbẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ dín owó ìwọlé kù fún ìdílé lásìkò ọlidé. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti wọ ibẹ̀, a ò fipá mú un.

Ọjọ́ ọdún gan-an, ti inú ilé ni, ìjọba kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Àwọn ọmọ á máa du ẹni tí yóò gbé oúnjẹ lọ sílé Àlàájà, torí wọ́n mọ ilé tó ń fúnni lówó. Ọmọ á gbé abọ́ ìrẹsì àti adìẹ dání, á kúnlẹ̀, á ní, "Mọ́mì ní kí ẹ fi panu o, mà." Àlàájà á ṣàdúrà fún un, abọ́ kò sì ní padà lófìfo. Bó bá dọjọ́ kejì, kí bàbá àgbà gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ojúlé 12, ọmọ ayò 48: ọmọ tó bá ti ń ta ayò níbẹ̀, ìṣirò ló ń ṣe yẹn, láìsan owó lẹ́sìn.

Nígbà tí Rauf Aregbesola jẹ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí sanwó ọkọ̀ ojú irin fáwọn èèyàn láti Èkó wá ṣọdún ní Òṣogbo lọ́fẹ̀ẹ́, Gboyega Oyetola náà sì tẹ̀ lé e. Ó hàn nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ìlú ni kí ẹbí ṣọdún pọ̀. Lójú tiwa, owó gáàdì àti ti aláró kò lè tó owó rélùwéè. Kí ìkéde jáde kó tó di ìparí oṣù Kọkànlá, kí ọ̀gá ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sára ògiri ìta, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n á fi pè é.