Pátákó Pupa Yẹn Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́!

Ó sú mi! Láàárọ̀ yìí ní Alágbàká, mo dúró níbi pátákó STOP. Kí ni onítáásì ẹ̀yìn mi ṣe? Fèrè! Pàà, pàà, pàà! Ó ní, "Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀ ni?" Ọlọ́kadà kan tó gbé èèyàn mẹ́ta sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ọfà, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Ṣé ojú yín ò ríran ni? Wọ́n dìídì fún pátákó yẹn ní igun mẹ́jọ kí èèyàn lè dá a mọ̀ kódà láti ẹ̀yìn! "Dúró" ni wọ́n kọ, wọn ò kọ "rọra máa yọ́ lọ". Kí táyà dúró jẹ́ẹ́ ṣáájú ìlà, bí títì tiẹ̀ dá páropáro, kí ẹni tó wà ní títì ńlá kọjá ná. Ṣé ìyẹn náà le ni?

Níbo lẹ ń sáré lọ gan-an? Ṣé Ọjà Ọba fẹ́ ṣí kúrò ní Àkúrẹ́ ni? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àbí ti ọkọ̀ ló yàtọ̀?

Ẹ fun fèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màá dúró!