Ta Ló Rán Ọnọ́rébù Níṣẹ́?

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, ìyá mi a máa rán mi lọ sin owó àwìn ní Ẹ̀rẹ́jà. Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, tí mo ní ṣe ni onígbèsè jágbe mọ́ mi, òwe yìí ni yóò fi dá mi lóhùn, á sì dá mi padà síbẹ̀.

Ìránṣẹ́ ni aṣòfin ìpínlẹ̀. Àwọn 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìlà-Oòrùn Iléṣà ní ẹnì kan níbẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn náà ní ẹnì kan. A ní kí wọ́n ṣòfin, kí wọ́n tú ìwé ìṣúná gómìnà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì bi í léèrè ibi tí owó gbà lọ. Gómìnà ni ẹni tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ wa fún, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀rù. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ni owó ilé aṣòfin wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n tún ìwé òfin Nàìjíríà ṣe kí owó náà lè máa bọ́ sọ́wọ́ ilé tààrà. Ìbẹ̀rù náà kò tíì lọ.

Ó pẹ́ kí n tó rí i pé òwe náà kò yẹ̀ rárá. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù lóòótọ́. Àwa kọ́ la rán wọn.

Àbúrò mi kan wá bá mi, ó fẹ́ dupò aṣòfin. Ọmọ ọdún 27 ni, òfin sì gbà á, torí láti 2018 ni wọ́n ti sọ ọjọ́ orí náà di 25 dípò 30. Mo bi í pé ta ni yóò ra fọ́ọ̀mù, nítorí ní 2022, mílíọ̀nù méjì náírà ni APC ta tirẹ̀, PDP sì ta tiwọn ní ₦600,000. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá kan ti ní òun á rà á." Ìdìbò abẹ́lé ńkọ́? "Bàbá yẹn náà ni." Lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, owó ta ni wọn yóò há? Ó wolẹ̀.

"Dìbò kó o sebẹ̀," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Òfin ìdìbò ọdún 2022 ní ẹni tó bá ra ìbò tàbí tó tà á lè san ₦500,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ òwò. Àwọn bàbá wa gbé aṣọ káàkiri, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì padà lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Àwìn ọdún mẹ́rin ni ìbò. Ẹni tó bá tà á lówó lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ẹnu ọ̀nà ta ni yóò lọ lóṣòó sí?

Ẹ tún wò ó: ní 2019, APC gba 23 nínú àga 26, ní 2023, PDP gba 25. Inú mi ìbá dùn pé ará ìlú lè yí ìbò padà, àfi pé lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹgbẹ́ gómìnà ló kó ilé náà. Òfin tún fún wa láyè láti pe aṣòfin padà sílé, bí ó bá ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn rẹ̀ lọ tó buwọ́ lùwé, tí INEC sì ṣètò ìbò lórí rẹ̀ láàárín 90 ọjọ́, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìbò náà sì fara mọ́ ọn. Ta ni yóò kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ, nígbà tí a ti jẹ owó ọbẹ̀ tán?

Àbúrò mi padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Kò gba fọ́ọ̀mù bàbá yẹn mọ́, káńsílọ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ du, àwọn ìyá kan ní ọjà Atakúnmọ́sà sì ti ń dá owó fún un. Mo fún un ní tèmi. Mo mú ìwé, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó buwọ́ lù ú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa gba owó yìí padà ni?"

Mo ní owó kọ́ ni mo máa wá sìn.