Ọrùn Ẹni Tó Ń Dáṣọ Fún Wa

Bí ẹnìkan bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹnu ẹni tó ń fura la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí: ẹni tí kò ní ń ṣèlérí, a sì ń dá a lóhùn pé a ti rí èyí tó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni tó ń fúnni láṣọ tọkàntọkàn la wo ọrùn rẹ̀ ńkọ́, tí a rí i pé tirẹ̀ ti gbó? Òwe náà ti kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, àwa tí à ń gba aṣọ ló ń bá wí. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń kọ́ni níṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ fi í sọ.

Olùkọ́ nọ́ọ̀sì kì í sọ̀rọ̀ tán níwájú pátákó kó gbé báàgì rẹ̀ relé. Ọmọ tó ń kọ́ ní kíláàsì lónìí yóò gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ lọ́la, nítorí náà olùkọ́ gbọ́dọ̀ bá a dé wọ́ọ̀dù, kó wo bó ṣe ń fọwọ́, bó ṣe ń wọn oògùn, bó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìwé ìdánwò ń dúró dè é, iṣẹ́ ìwádìí àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ń dúró dè é, àpilẹ̀kọ tí wọn yóò béèrè kí wọ́n tó gbé e ga náà ń bẹ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló tún gbọ́dọ̀ máa sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun. Láti ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì wa sì ti ń ṣí lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn tó kù ní wọ́ọ̀dù kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ọrùn olùkọ́ ni ẹrù yẹn tún bọ́ sí.

Ìgbà tó bá délé ni iṣẹ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní lẹ́kíṣọ́rà níbẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n á gbé ọmọ tí gìrì mú wá kanlẹ̀kùn lóru, òun ni yóò ní kí wọ́n má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, tí yóò dọ́mọ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò sì lé wọn lọ sílé ìwòsàn kíá. Bí ara mọ̀lẹ́bí ọkọ kan kò bá yá, ilé rẹ̀ ni wọ́n á ní kó wá gbé. Ìjọ á pè é lọ́jọ́ Àìkú pé kó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn alásàlátù náà á pè é lọ́jọ́ tiwọn. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu èyí rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí tiwọn ti kọjá 140/90, òǹkà tí a fi ń mọ̀ pé ó ti ga jù, ni kò bá má mọ̀ bí kì í bá ṣe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ: ta ló ń bá a wọn tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọmú ló máa ń dùn mí jù. Òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọmú ìyá nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Òun ló ń sọ ọ́ fún àwọn aboyún ní kílíníìkì. Bí òun náà bá wá bímọ, tó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀sẹ̀ 16 ni ìsinmi rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ku bí ọ̀sẹ̀ 10 kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, kíláàsì ló wà. Yóò jí ní kùtùkùtù, yóò fún ọmú sínú ife tó mọ́, kí ẹnìkan lè máa fún ọmọ mu tó bá lọ tán. Ta ni ẹni náà? Bí ìyá ọkọ bá ní gbogbo ọmọ tí òun bí ló mu omi, tí kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n, tí ọkọ sì dákẹ́, ọmọ nọ́ọ̀sì yóò mu omi. Lọ́jọ́ kejì, yóò tún dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ wọn ní ohun tí ilé rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣe.

Láti ìparí ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ti fàyè gba òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin láti gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Ẹ̀yin ọkọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ gbà á. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ṣe làálàá ìkómọ. Ẹ fi kọ́ bí a ti ń fi ife bọ́ ọmọ, kí ẹ sì fi bá ìyá yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípa omi yẹn. Ẹnu ọmọ tó bí ló yẹ kí ìyá ti gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ẹnu ìyàwó ló ti gbọ́ ọ, ìjà ló máa dà.

Àwọn ènìyàn a máa dárúkọ Olóyè Kófowórọlá Àbẹ̀ní Pratt fún àwọn obìnrin yìí, wọ́n á ní ṣebí obìnrin lòun náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Íbàdàn, lọ́dún 1964. Lọ́dún 1973, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale tí wọ́n ń fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ó tún jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ọdún rẹ̀ dáadáa. Tíṣà ló kọ́kọ́ jẹ́. Ó ṣègbéyàwó lọ́dún 1941. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún kó tó wọ ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ́nù lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún 1946. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ apòògùn náà kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú ọba. Ọdún 18 ló wà láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ìgbà tó di mátírọ́ọ̀nù UCH. Ìkan ń tẹ̀lé ìkan ni. Ẹni tó bá fi orúkọ ìyá yẹn lé obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ léré, pé kó gba oyè ọ̀mọ̀wé, kó ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá, kó sì máa gbàlejò lọ́sẹ̀ kan náà, kò ka ìtàn rẹ̀ já.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ lè sọ fún ìjọ pé ó di ìgbà tí ọmọ bá wọlé ẹ̀kọ́. Ẹ lè sọ fún mọ̀lẹ́bí pé ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé aláìsàn lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, olùkọ́ lẹ pè o. Ẹ yé fi ṣe ẹni tí yóò máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ayé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọwọ́ wọn mọ́, kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ mọ́ apá, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n fún ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sinmi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí kí wọ́n tó ní kéèyàn lọ rí dókítà. Kó máa wá yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú tó kù, ẹ jẹ́ kó jókòó ti ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀.