Kì Í Ṣe Ẹgbẹ́ Àríyá Lásán ni Àwọn Tó Yí Fela Ká

Bí ọ̀rọ̀ Fela Anikulapo-Kuti bá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó mẹ́nu ba àwọn èèyàn tó kún inú ilé rẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí a máa ń gbọ́ nípa wọn kò sì yàtọ̀ síra: wọ́n ní ìsáǹsá ọmọ ni wọ́n, wọ́n ní igbó ni wọ́n ń fà láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ní fàájì ló kó wọn jọ, wọ́n sì ní obìnrin 27 tí ó fẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rí tó fi hàn gbangba pé ilé afẹ́ ni ilé náà. Àwọn tó fẹ́ràn orin rẹ̀ pàápàá ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kìkì pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ tiwọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìròyìn yìí ti ṣe àìdáa sí àwọn èèyàn tó ṣiṣẹ́ kára, ó sì tún ń jẹ́ kí a ṣi orin náà gbọ́, bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló dá a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú orin fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ Zombie, tó jáde ní ọdún 1976, yóò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń gbè é. Fela á ju gbólóhùn kan sílẹ̀, àwọn elégbè á sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá a lóhùn, lẹ́yìn náà á tún ju òmíràn, wọn á tún dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yá, kò sì gbọdọ̀ pẹ́, nítorí pé ìlù tí Tony Allen ń lù lábẹ́ rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Orin náà lé ní ìṣẹ́jú 12 nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, a sì máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú agbo. Bákan náà, àṣà Fela ni pé bí orin kan bá ti wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù, kì í sábà kọ ọ́ fún èrò mọ́, orin tuntun ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ìdánrawò kò fi lè tán nínú ilé náà, nítorí kò sí orin àtijọ́ tí elégbè tàbí oníjó lè fẹ̀yìn tì. Ẹni tí àríyá nìkan gbé wá kò ní lè fara da irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan.

Afrika Shrine ìgbà náà, gbọ̀ngàn tí Fela ti ń ṣeré, wà nínú Hòtẹ́ẹ̀lì Empire, kò sì jìnnà rárá sí ilé Fela, tó wà ní nọ́ńbà 14, Agege Motor Road, ládùúgbò Ìdí-Òrò. Ọ̀gànjọ́ òru ni agbo máa ń gbóná, ó sì máa ń di àfẹ̀mọ́júmọ́ kó tó tú. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ti yábìs, nígbà tí Fela á dúró bá èrò sọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ ìlú, tí á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní òru Sátidé, ètò ìbọ máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ wo àwòrán àwọn oníjó nígbà yẹn dáadáa. Orí pèpéle kékeré tó yọrí sókè ni olúkúlùkù wọn dúró sí, níbi tí èrò yóò ti máa wò ó láti ìhà gbogbo. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú irun wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wà ní bèbè ìdí wọn, ojú wọn kún fún àmì funfun tí wọ́n fara balẹ̀ tò ní tótó láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń kun ojú ara wọn, wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí ìlù tó sọ. Àṣà tí àwọn oníjó ń lò káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà lónìí, tí a sì ń pè ní ìmúra Áfíríkà, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣàn wá, síbẹ̀ àwọn kan náà ni a ń pè ní aláìníṣẹ́.

Àwọn ọkùnrin tó wà láyìíká rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ́mọdé ni Lemi Ghariokwu nígbà tó ya àwòrán èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù Alagbon Close ní ọdún 1974, kò tíì pé ẹni 20 ọdún. Láti ìgbà náà, ó ya èèpo 26 fún Fela. Nínú ilé yẹn ló ti ń jókòó, níbẹ̀ ló ti ń gbọ́ orin kí ó tó di rẹ́kọ́ọ̀dù, níbẹ̀ náà ló ti ń gba ìwé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú kà. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ Young African Pioneers sílẹ̀, wọ́n ń kọ ìwé, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń pín in fún àwọn ará ìlú. Sandra Izsadore, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà tí Fela bá pàdé ní Los Angeles ní ọdún 1969, ni àwọn kan ń pè ní àlè rẹ̀ lásán títí di òní. Obìnrin yìí ló fi ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, lé e lọ́wọ́, òun ló sì jẹ́ kí ó máa ronú nípa ipò aláwọ̀ dúdú ní ọ̀nà tó yí orin rẹ̀ padà pátápátá. Nígbà tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1976, òun gan-an ló lé orin Upside Down láti ìbẹ̀rẹ̀, tí Fela sì fi ipò olórin sílẹ̀ fún un. Èmi kò mọ ẹlòmíràn tí Fela ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù ńláńlá rẹ̀ ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 1977. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní Èkó, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà. Fela kò bá wọn kópa nínú rẹ̀, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń rọ́ lọ sí Shrine láti wá wò ó, èyí tí kò dùn mọ́ ìjọba ológun nínú. Àwọn sójà tí a sọ pé wọ́n tó 1,000 ya dé láti bárékè Abalti, wọ́n ká ilé náà mọ́, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fela, ẹni ọdún 76, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Màmá kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ilé ìwòsàn Dókítà Beko, àbúrò Fela, tó wà nínú ọgbà kan náà, jóná tòun ti gbogbo ohun èlò rẹ̀. Àwọn obìnrin inú ilé náà sọ pé wọ́n lù àwọn, wọ́n sì fipá bá àwọn lò. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà parí rẹ̀ sí pé sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti fìdí múlẹ̀. Nígbà tí ilé bá jóná tí àwọn obìnrin sì fara pa, ohun tó yẹ kí ìlú béèrè ni ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè nígbà náà ni pé kí ni ọmọ ọlọ́mọ ń wá nínú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè wọ́n ní aṣẹ́wó, wọ́n ní Fela ló jí wọn gbé. Bí èèyàn bá ti lè gbà pé ọmọ asán ni ẹni tí wọ́n lù, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé kò sí ohun tó sọnù.

Nígbà tí ó pé ọdún kan, nínú oṣù Kejì ọdún 1978, Fela gbé obìnrin 27 níyàwó ní Hòtẹ́ẹ̀lì Parisona ní ìlú Èkó, níwájú babaláwo, ní ìlànà ìbílẹ̀. Elégbè àti oníjó Afrika 70, ẹgbẹ́ olórin Fela, ni àwọn obìnrin náà, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú ilé nígbà tí iná ń jó. Ìgbéyàwó yẹn jẹ́ ìrántí ọjọ́ ìkọlù náà, ó sì jẹ́ ìdáhùn sí àwọn tó ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó: láti ọjọ́ náà lọ, aya ilé ni wọ́n, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n lè jẹ́ láàárín ìlú. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí Fela fẹ́ràn obìnrin, kò sì fi pa mọ́ nígbà kankan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ nìkan bá ń dà kò ní nílò babaláwo, kò ní pe àwọn oníròyìn, kò sì ní yan àkókò tí ìkọlù náà pé ọdún. Gbogbo wọn ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀wọ̀, òun ni ìgbéyàwó náà sì wá fún. Àwọn èèyàn tún máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Rẹ̀mí, tó fẹ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ti kúrò nínú ìtàn nígbà náà. Kò kúrò. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣì jẹ́ nígbà tí àwọn 27 wọlé.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n nínú ilé náà. Wọ́n fa igbó, wọn kò sì sẹ́ ẹ. Àwọn ọmọbìnrin kan ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà tí wọ́n fi ilé bàbá wọn sílẹ̀, ìbínú àwọn òbí wọn tọ́, ẹni tó bá sì ní ọmọ kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Fela le koko mọ́ wọn: ó ń bu owó ìtanràn lé wọn, ó ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń nà wọ́n, èyí tí mo kórìíra tí n kò sì ní wá àwáwí kankan fún. Àwọn kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé jíjẹ àti mímu nìkan ni wọ́n bá dé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn dùn jù. Tony Allen, tó ti ń lu ìlù fún Fela láti ọdún 1964, ṣàlàyé lẹ́yìn ìgbà náà pé èrò tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ náà láìṣe ohunkóhun ti pọ̀ jù, pé lára wọn ni owó tó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ gbà ń gbà lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti àjọ̀dún orin jáàsì Berlin dé ní ọdún 1978, òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin fi Fela sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn alájẹkì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ń ráhùn nípa wọn: àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé alárìíyá ni gbogbo wọn, kò ní sí ẹni tí yóò ráhùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí àríyá mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1984, wọ́n rán Fela lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde ní ìlú láìgba àṣẹ. Kò sí olówó ilé, kò sí ẹni tó ń pín nǹkan, kò sì sí ààbò kankan lọ́wọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ náà, tó ti ń jẹ́ Egypt 80 nígbà náà, kò tú ká. Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ bọ́ síwájú, ó sì kó wọn lọ ṣeré ní Hollywood Bowl ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1985. Fela jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù Kẹrin ọdún 1986, kò sì pẹ́ tó fi sọ pé òun kò gbà pé kí èèyàn máa ní èèyàn bí ohun ìní nínú ìgbéyàwó mọ́, ó sì tú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó kù sílẹ̀. Síbẹ̀, bí ìgbéyàwó náà ṣe parí, iṣẹ́ orin kò parí, nítorí pé àwọn obìnrin ṣì ń gbè, wọ́n sì ń jó nínú ẹgbẹ́ náà títí di ìgbà tó kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1997.

Lekan Animashaun, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Ani, bá Fela pàdé ní ọdún 1965, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì ń jẹ́ Koola Lobitos. Sasofóònù ńlá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ló ń fọn, èyí tí èrò kì í sábà mọ̀ pé àwọn ń gbọ́, òun náà ló sì di olórí àwọn olórin lẹ́yìn tí Tony Allen lọ. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí owó wà àti nígbà tí kò sí, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí Fela wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tí Fela kú, ọmọ ọdún 14 ni Ṣeun tó gba ipò bàbá rẹ̀ níwájú Egypt 80, Bàbá Ani náà ló sì dúró lẹ́yìn ọmọ náà tó ń tọ́ ẹgbẹ́ sọ́nà.