Ṣé Ṣọ́ọ̀bù Mi Ń Rìn Tẹ́lẹ̀ Ni?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Ìlọrin! Mo fọwọ́ ara mi kọ STATIONERY sórí ìwé fún báńà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ìwé àti bírò, gàdàgbà, mo tún fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà e inú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ báńà gbà á, ó ní kò séwu. Ìgbà tí mo débẹ̀, STATIONARY ló wà níbẹ̀, pupa fòò! Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Alhájà, mo bá yín tún un ṣe ni."

Ó bá mi tún un ṣe!

Ó ní kọ̀ǹpútà òun ò fi ìlà pupa tó ń tọ́ka àṣìṣe sábẹ́ rẹ̀. Báwo ló ṣe máa fi í síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì? Stationary tó ní a, ohun tó dúró sójú kan ni. Mọ́tò tó há sínú gósíló Pósítọ́ọ́fíìsì, stationary nìyẹn. Ìwé, bírò, fáìlì àti ẹ̀ńfílóòpù tí mò ń tà, e ni tiwọn, e tó bẹ̀rẹ̀ envelope gan-an. Láyé àtijọ́, stationer ni àwọn Òyìnbó ń pe ẹni tó ń ta ìwé ní ìsọ̀ ojú kan, tí kì í kiri. Ẹgbẹ́ wọn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1403. Ọjà stationer ló di stationery, ara orúkọ olówò ni e náà ti wá. Mo ṣàlàyé títí, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọ̀mùtí.

Ó wá nawọ́ sí òpópónà Tanke, ó ní ṣebí lẹ́tà a làwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù kọ. Wàláì, òótọ́ ni, ìyẹn ló dùn mí jù! Ẹ̀gbẹ́ yunifásítì nibẹ̀ o. Èmi tí mò ń tẹ próọ́jẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ta ló máa gbéṣẹ́ fún ẹni tí kò lè kọ orúkọ ọjà ara rẹ̀?

Ó tún ní kí n san owó òmíì, pé ínkì òun ti lọ. Ínkì ta ló lọ? Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kí n mú sùúrù, pé oníbàárà á ṣáà mọ ohun tí mò ń tà. Mi ò san kọ́bọ̀. Kó fi báńà rẹ̀ bo jẹnẹrétọ̀.