Ilé ọ̀fẹ́ tí wọ́n ní wọ́n fún ọmọ yín ní Amẹ́ríkà, owó iṣẹ́ ni

Bí ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kan bá pe ilé láti Amẹ́ríkà pé wọ́n ti fi òun ṣe délégué nínú ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ìròyìn náà á ti dé ọjà Oúǹdó kó tó dalẹ́, á sì ti yí padà kó tó débẹ̀. Ohun tí ọmọ sọ ni pé òun ò ní san owó yàrá mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà ni pé wọ́n ti fún un nílé. Tó bá fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, ó ti di ọ̀gá ilé, àwọn òyìnbó ń wárí fún un, kò sì níṣẹ́ méjì ju kó jókòó lọ.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò kà. Èmi náà ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí mò ń ṣe doctorat lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Yàrá yẹn gan-an ni owó oṣù.

Ilé tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti àwọn ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ilé àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn tó ń ṣe másítà àti doctorat: ọkọ, ìyàwó, ọmọ ọwọ́, ará China, ará India, ará Brazil, ọmọ Nàìjíríà, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé kan. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń mú bíi mélòó kan nínú wọn pé kí wọ́n máa gbé àárín àwọn yòókù, kí wọ́n sì máa bójú tó wọn. Àwọn yìí là ń pè ní délégué. Ibì kan ń pè wọ́n ní resident assistant. Ní Stanford, community associate ni wọ́n ń pe ti ilé àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á mú owó yàrá kúrò lọ́rùn wọn tàbí kí wọ́n dín in kù, àwọn ibòmíràn á fi owó díẹ̀ lé e. Àdéhùn ọdún ẹ̀kọ́ kan ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn náà ni àwọn ará ilé kì í gbọ́.

Ẹni tó bá ti gba entrée-coucher, yàrá kan ṣoṣo, rí ní Àjàṣẹ́ mọ bí owó ilé ṣe ń dun èèyàn, mi ò dá yín lẹ́bi tí etí yín bá nà sí “kò sanwó ilé”. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní yàrá náà jẹ́ 1,000 dọ́là lóṣù, ká ní iṣẹ́ náà ń gba wákàtí 15 lọ́sẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 65 nìyẹn lóṣù, wákàtí kan sì ń bọ́ sí dọ́là 15 àti díẹ̀. Owó tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ jẹ́ dọ́là 7.25 fún wákàtí kan, láti 2009 wá ló sì ti wà bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò ní sọ pé owó délégué burú. Owó iṣẹ́ ni ṣá. Ó sì ní àléébù kan tí owó tó ṣeé fọwọ́ kà kò ní: kò sẹ́ni tó lè fi yàrá ránṣẹ́ sílé. Ìyá tó ń retí nǹkan lọ́dọ̀ ọmọ nítorí pé “kò kúkú sanwó ilé”, ohun tí wọ́n san fún ọmọ náà ló ń sùn lé lórí.

Ẹ wo bí òfin owó-orí wọn alára ṣe wò ó. Wọn kì í gba owó-orí lórí ibùgbé tí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, bí ibùgbé náà bá wà níbi iṣẹ́, tó jẹ́ pé nítorí ire agbanisíṣẹ́ ni, tó sì jẹ́ dandan fún òṣìṣẹ́ láti gbé ibẹ̀ kó tó lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Owó tí wọ́n bá kà lé e lọ́wọ́ ni wọ́n ń gba owó-orí lé. Ibi tí yàrá délégué ti ń bọ́ lọ́wọ́ owó-orí nìyẹn: òfin gbà pé nítorí yunifásítì ló ṣe ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀.

Ní ti pé kò níṣẹ́ ju kó jókòó lọ, ta ni kì í jókòó ṣe iṣẹ́ ọ̀sán? Alẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Àwọn délégué máa ń pín alẹ́ láàárín ara wọn. Ẹni tí alẹ́ bá kàn, fóònù iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ jìnnà sí ilé, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Aago méjì òru, ilẹ̀kùn ti dé mọ́ ẹnì kan síta, kọ́kọ́rọ́ wà nínú yàrá. Kì í ṣe pé délégué á kàn ṣílẹ̀kùn fún un kó padà lọ sùn. Ó ní láti wo káàdì rẹ̀, kó wo orúkọ inú ìwé bóyá yàrá náà jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, nítorí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín yẹn lè jẹ́ ọkọ tí ilé ẹjọ́ ti ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Òru mìíràn, ẹnì kan ń dín ẹja. Èéfín kan ẹ̀rọ tó wà lókè àjà, aago iná sì dún káàkiri ilé. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti sọ pé “ẹja lásán ni o, ẹ padà sùn”. Gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jáde sínú yìnyín, bàbá fi kúbùsù wé ọmọ ọwọ́, olóyún fi sálúbàtà tẹlẹ̀. Délégué kò gbọdọ̀ pa aago náà. Tirẹ̀ ni kó kó wọn jìnnà sẹ́nu ọ̀nà, kó bèèrè ẹni tó kù nínú ilé, kó dúró de àwọn panápaná, kó sì sọ ohun tó mọ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá lọ, àwọn tó kù á padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Òun á jókòó kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọ́fíìsì lè bá a níbẹ̀ láàárọ̀. Aago mẹ́jọ, ó ní kíláàsì tó fẹ́ kọ́. (Ẹni tó dín ẹja náà, ọmọ tiwa ni. Mi ò ní sọ ìlú tó ti wá.)

Àwọn ìyàwó ilé tún wà níbẹ̀. Físà F-2 tí wọ́n fi ń tẹ̀lé ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nílùú rẹ̀ á wá jókòó sínú yàrá kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọkọ wà ní láàbù. Délégué ló ń ṣètò bí wọ́n á ṣe rí ara wọn: tíì ọjọ́ Jímọ̀, oúnjẹ alájọjẹ, eré àwọn ọmọdé. Àwa á rí fọ́tò ibi tó ti ń pín bisikíìtì lórí Facebook, a ní fàájì ló ń ṣe. A ò rí i níbi tó ti ń wá rìsíìtì bisikíìtì náà kiri.

Ní ti pé ó jẹ́ ọ̀gá, kò lè lé ẹnikẹ́ni, kò lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni, kò lè ṣí yàrá ẹlòmíràn kó máa tú u wò. Ó ń kọ ìròyìn ni, ọ́fíìsì ló ń pinnu. Ohun tí òfin fún un, ẹrù ni. Ní 1986 wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Jeanne Clery nínú yàrá rẹ̀ ní Lehigh University. Àwọn òbí rẹ̀ jà títí ìjọba fi ṣe òfin ní 1990, èyí tó ní kí yunifásítì máa kéde ìwà ọ̀daràn tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn. Délégué ilé wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ ròyìn. Òfin Title IX ti 1972 náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ti tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún délégué láti ròyìn ìfipábánilòpọ̀ tó bá gbọ́. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá fẹkún wọlé tọ̀ ọ́ wá, kó tó la ẹnu ni délégué ti gbọ́dọ̀ dá a dúró: “Tí o bá sọ ọ́ fún mi, mo gbọ́dọ̀ fi tó ọ́fíìsì létí. Tó bá jẹ́ ẹni tó máa pa á mọ́ lo ń wá, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí.” Ẹ fojú inú wo ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ti kọ́ pé ẹni tó finú hàn ọ́, ṣe ni wàá bò ó láṣìírí, kó wá máa dá ẹni tó ń sunkún dúró ní ẹnu ọ̀rọ̀. Mi ò rí iṣẹ́ tó le tó ìyẹn nínú gbogbo rẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá o. Nínú agbo ilé wa, baálé ló ń pín yàrá. Àlejò dé, baálé ní kí wọ́n lọ ṣí ilé ẹ̀yìn fún un. Ojú yẹn la fi ń wo délégué. Àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí nígbà náà.

“Wọ́n ní ìwọ lo nilé níbẹ̀. Àbúrò rẹ ń bọ̀ ní September, kó kàn wá bá ọ.”

“Ẹ má bínú, Màmá, ilé kì í ṣe tèmi. Tó bá lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lọ́dọ̀ mi, àwa méjèèjì ni wọ́n máa lé.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Òyìnbó ti yí ọ lórí.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ilé ló ń pín yàrá, nígbà míì wọ́n á ṣẹ́ gègé, àwọn tí kò kàn á máa dúró lórí ìlà. Délégué kò mọ ohun tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró yẹn, kò sì lè ti orúkọ ẹnikẹ́ni síwájú. Àlejò ní iye alẹ́ tó lè sùn. Èyí tó burú jù, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ délégué ni ilé náà bọ́. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé níbòmíràn á ṣì rílé wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tí kò bá tíì gbà pé iṣẹ́ ni, kó bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n ń dá síńdíkà sílẹ̀ lórí ẹ̀bùn. Àwọn délégué ilé UMass Amherst ní Massachusetts dìbò wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 2002. Ní 2022, àwọn ti Wesleyan ní Connecticut náà dá tiwọn sílẹ̀, yunifásítì wọn sì gbà á láìdúró de ìdìbò. Ọmọ licence ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti doctorat, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni.

Èyí tó kù kan àwọn ọmọ tó ń ti IMSP, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní Dangbo, tàbí yunifásítì Calavi lọ. Físà F-1 kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe doctorat ti ń lo gbogbo 20 náà tán nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ licence tàbí ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n wọn, ibẹ̀ sì ni owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti ń wá. Bí wọ́n bá ka iṣẹ́ délégué mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ yàrá ni wọ́n fi ń san án, ó lè kọjá ìlà, físà ló sì máa sanwó rẹ̀. Kí ọmọ náà tó fọwọ́ síwèé, kó lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Kó bèèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀ nígbà ìsinmi, bóyá ìyàwó rẹ̀ lè bá a gbé, àti ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fún un láti kó ẹrù jáde bí àdéhùn bá já.